Ẹ Kú Iṣẹ́, Ẹ Kú Ìjókòó

Ìyá náà ń yan gàrí lọ́wọ́ nígbà tí mo wọlé. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá." Ó dá mi lóhùn, ó ní kí n fa àpótí kan jókòó, kí n má sì súnmọ́ èéfín jù. Mo ṣí tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún mi láti fi ṣe ìwádìí nípa àwọn tó níṣẹ́ àti àwọn tí kò ní, mo wá ìbéèrè tó kàn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ nínú orí mi, nítorí èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ohun tó ń béèrè ni pé láàárín ọjọ́ méje sẹ́yìn, ṣé ẹni yìí ṣe iṣẹ́ kankan tó lè mú owó tàbí èrè wá, kódà kó jẹ́ fún wákàtí kan péré.

Mo ní, "Ìyá, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ǹjẹ́ ẹ ṣiṣẹ́?"

Ó dá ọwọ́ dúró lórí agbada, ó wò mí. "Ọ̀sẹ̀ wo? Ọ̀sẹ̀ ọjà ni, àbí ọ̀sẹ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì?"

Ó kù díẹ̀ kí n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ọjà ọlọ́rọọrún ni tiwa ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin. Ọjọ́ kan ló fi ń wa ẹ̀gẹ́, ọjọ́ kan ló fi ń bẹ ẹ́, tó sì ń rin ín. Á dì í sínú àpò, á gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro, lẹ́yìn náà á jọ̀ ọ́, á yan án, kí ọjọ́ ọjà tó pé. Bí a bá ti ná ọjà tán, ìṣirò mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méje kò sí níbẹ̀ rárá.

"Àti pé," ìyá tún ní, "ta ló wọlé tó kí mi ní 'ẹ kú iṣẹ́' lẹ́ẹ̀kan?"

Mo tẹ "Oui", bẹ́ẹ̀ ni. Lójú ẹsẹ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì fo gbogbo ìbéèrè tó jẹ mọ́ àwọn tó ń wáṣẹ́ kọjá, ó bọ́ sí apá ibòmíràn. Ìyá ti di òṣìṣẹ́ nìyẹn, òun àti ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ní Kútọnu, nínú àpótí kan náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí yẹn káàkiri Kétu, láti Odomèta dé Idigny, owó ojúmọ́ ni wọ́n ń san fún wa. Iṣẹ́ náà ti parí tipẹ́, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni kò tíì parí lọ́kàn mi.

Bí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé iye àwọn aláìníṣẹ́ ní Benin kò tó ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ má rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Mo rí bí wọ́n ṣe ń ká èso náà, ọwọ́ mi ni mo fi ká díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìlànà tí gbogbo ayé ń lò ni. Ní ọdún 1982, àwọn onímọ̀ ìṣirò láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé lábẹ́ àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé ní Geneva, wọ́n fẹnu kò pé ẹni tó bá ṣe wákàtí kan péré nínú ọ̀sẹ̀ ní iṣẹ́. Aláìníṣẹ́ ni ẹni tí kò ṣe wákàtí kan yẹn, tó ń wáṣẹ́ kiri, tó sì ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé. Ẹ sọ fún mi, níbi tí ìjọba kì í ti í san kọ́bọ̀ fún ẹni tí kò níṣẹ́, ta ló lè jókòó ọjọ́ méje gbáko láìfọwọ́ kan nǹkan kan? Àwọn ará Faransé lè jẹ́ aláìníṣẹ́, wọ́n ní ohun tí wọ́n máa jẹ níbẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, owó ńlá ni ènìyàn fi í ṣe aláìníṣẹ́.

Ọdún 2013 ni àwọn onímọ̀ ìṣirò wọ̀nyí tún pàdé, wọ́n sì yí nǹkan kan padà tó kàn wá gan-an: ẹni tó ń ro oko kìkì nítorí kí ilé rẹ̀ lè jẹun kò sí lára àwọn tó níṣẹ́ mọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ ló ń ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú iṣẹ́ tí à ń kà. Nítorí náà mo ní láti bi àwọn àgbẹ̀ léèrè pé àgbàdo inú oko yín, èwo ló pọ̀ jù, èyí tí ẹ máa tà ni àbí èyí tí ẹ máa jẹ? Bàbá kan wo ojú ọ̀run, ó ní, "Òjò ló máa sọ." Mi ò rí ibi tí mo lè tẹ òjò sí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àmì ohùn kún un. Ọ̀gá wa tẹ ìtumọ̀ Yorùbá díẹ̀ fún wa sórí ìwé kan kí gbogbo wa lè máa béèrè bákan náà, àmọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò mọ àmì ohùn. Ohun tó kọ ni "Nje e ni ise". Ọ̀kan nínú àwa tí a jọ ń ṣe é fẹ́ fi bàbá àgbàlagbà kan ṣeré, ó kà á bó ṣe rí i, ó ní, "Bàbá, ǹjẹ́ ẹ ní ìṣẹ́?" Bàbá ò tilẹ̀ bínú. Ó ní, "Méjèèjì ni mo ní, ọmọ mi. Èwo nínú wọn ni ìwé yín ń wá?"

Mo rò ó títí, mo rí i pé a ti ní ìwádìí tiwa tẹ́lẹ̀, inú ìkíni ló wà. Ènìyàn kì í kọjá lára ẹlòmíràn ní Kétu láìkí i, ìkíni náà sì gbọ́dọ̀ bá ohun tó ń ṣe mu. Ẹni tó ń tà, ẹ kú ọjà. Ẹni tó ń rán aṣọ, tó ń kọ́lé, tó ń gúnyán, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó ń retí ẹnìkan, ẹ kú ìrètí. Ojú ló ń ṣe ìwádìí, ẹnu ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti ń ṣiyèméjì ni ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kadà, àwọn tí gbogbo Benin ń pè ní zémidjan, tí wọ́n máa ń tò sí ẹ̀bá ọ̀nà nítòsí Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ tí àwọn baba wa fi ń dáàbò bo ìlú. Ọmọkùnrin náà jókòó lórí ọ̀kadà rẹ̀ láti àárọ̀, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, fóònù lọ́wọ́. Ṣé iṣẹ́ ló ń ṣe ni? Ṣé ìjókòó ni? Bí mo bá kí i ní "ẹ kú ìjókòó", ó lè rò pé mo ń fi òun ṣẹ̀sín. "Ẹ kú iṣẹ́" ni mo máa ń sọ, òun náà á sì dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan báyìí, bíi pé àwa méjèèjì jọ mọ ohun tí a ń bò.

Láti kékeré ni mo ti mọ iṣẹ́ zémidjan, nítorí òun ló bọ́ ilé wa. Ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ni bàbá mi kékeré kà ní yunifásítì Abomey-Calavi. Nígbà ayé ìjọba Kérékou, ààrẹ Benin nígbà náà, kí nǹkan tó bàjẹ́, bí ènìyàn bá ti gba ìwé ẹ̀rí, ìjọba ló máa gbà á síṣẹ́. Lẹ́tà ni wọ́n ń dúró dè, wọn kì í wáṣẹ́. Kí tirẹ̀ tó kàn, ìjọba ti dáwọ́ ìgbanisíṣẹ́ dúró. Nígbà tí yóò fi di 1989, báńkì ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dojú dé, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ọba ń ka oṣù láìgba owó, ìjọba sì fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú IMF, àjọ owó àgbáyé, àti Báńkì Àgbáyé pé àwọn máa dín àwọn òṣìṣẹ́ kù. Oṣù kejì ọdún 1990 ni wọ́n ṣe àpérò ńlá orílẹ̀-èdè tó mú ìjọba tiwa-n-tiwa wá, gbogbo ènìyàn sì yọ̀. Bàbá mi kékeré náà yọ̀, àmọ́ orí ọ̀kadà ló ti yọ̀ ọ́, ní Kútọnu.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni ìwé ìṣirò rẹ̀. Alaalẹ́ ló máa ń kọ iye tó pa àti iye tó ná, pẹ̀lú ìlà méjì lábẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní yunifásítì, títí kan iye tí táyà jẹrà. Ní January 1994 tí wọ́n gé iye owó sẹ́fà tí a ń ná ní Benin sí méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó kọ ọ̀rọ̀ kan ní igun ojú ewé náà, ó sì fa ìlà pupa sí i lẹ́ẹ̀mẹta: *déficit*, ìyẹn ni pé owó tó jáde ju èyí tó wọlé lọ. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tábúlẹ́ẹ̀tì mi, kò sí ọjọ́ kan nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tí bàbá mi kékeré jẹ́ aláìníṣẹ́.

Àmọ́ ohun tó ń dùn mí jù nípa ìwádìí yẹn kì í ṣe wákàtí kan, kì í ṣe ọjọ́ méje. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa náírà.

Ẹni tí kì í ṣe ará Kétu lè má mọ̀ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí. Láti ìlú wa sí Ìlárá kò jìnnà, Ìlárá kan wà ní ìhà ibí, èkejì wà ní ìhà ọ̀hún, ní Nàìjíríà, Ìmẹ̀kọ sì wà lẹ́yìn wọn. Ilẹ̀ Alákétu ni gbogbo rẹ̀ títí di ọdún 1889 tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà wọn, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ogun Dàhọ̀mì ti fọ́ Kétu. Ìlà náà pín ilẹ̀, kò pín ẹbí, kò sì pín iṣẹ́. Nígbà tí èmi ń dàgbà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá kọ́ṣẹ́ bíríkìlà tán ní Kétu, kì í dúró. Abẹ́òkúta ló ń lọ, tàbí Èkó. Àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ ń lọ ro oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́. Bí ọdún bá ń parí lọ, wọ́n á dé, ọmọ ìlú á sì mọ̀ pé wọ́n dé.

Ẹ wo owó náà. Ní ọdún 2014, bí ẹ bá kó 1,000 náírà fún oníṣẹ́ńjì, á fún yín ní nǹkan bí 3,000 sẹ́fà. Bíríkìlà tó bá fi 20,000 náírà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lóṣù, 60,000 sẹ́fà ló dé ọwọ́ ìyá, bẹ́ẹ̀ owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin Benin nígbà náà, SMIG, jẹ́ 40,000. Ní ọdún 2024, 1,000 náírà yẹn kan náà kò ju bí 400 sẹ́fà lọ. 20,000 di 8,000. Ọmọkùnrin náà kò yàgò fún iṣẹ́, bíríkì tó ń tò kò dín, oòrùn kò fúyẹ́. Ìyá rẹ̀ ní Kétu ló di aláìní, òun fúnra rẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni mo máa kọ sílẹ̀?

Ó ṣẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ṣẹlẹ̀ lọ́gán. Náírà já ní 2016. Ní August 2019 Nàìjíríà ti bodè, wọn kò sì ṣí i títí di December 2020. Láàárín àkókò yẹn mo rí tòmátì tó rà sínú apẹ̀rẹ̀, mo rí àwọn awakọ̀ tó sùn sábẹ́ ọkọ̀ wọn. Fàyàwọ́ kò dúró, kì í dúró, orúkọ rẹ̀ náà ti sọ bó ṣe ń rìn. Owó ojú ọ̀nà ló di ìlọ́po. Ní ọjọ́ 29 May 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Tinubu, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e wọ́n tú náírà sílẹ̀ kó wá iye tirẹ̀. Àbújá ni iná ti jó, Kétu ni màjàlà rẹ̀ bọ́ sí.

Ẹ ronú nípa kpayo, epo bẹntiróò láti Nàìjíríà tí a ń rà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Kò sí iléeṣẹ́ kankan ní gúúsù Benin tó gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́ bíi kpayo. Ẹni tó ń gbé e kọjá bodè, ẹni tó ń dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹni tó ń tà á ní lítà kọ̀ọ̀kan, ọmọbìnrin tó ń bá a fọ ìgò. Kò bófin mu, gbogbo wa mọ̀, ó sì léwu: ní September 2023 iná kan ní ibi ìkó-epo-sí ní Sèmè-Podji pa ju ènìyàn 30 lọ. Síbẹ̀ owó ìrànwọ́ ìjọba Nàìjíríà ló ń san owó iṣẹ́ àwọn ọmọ wa fún ọdún gbọọrọ, láìmọ̀. Nígbà tó dáwọ́ dúró, epo wọ́n lọ́jọ́ kan, ọlọ́kadà fi owó kún owó rẹ̀, àwọn èrò fẹsẹ̀ rìn, ìyá onígàrí san owó ọkọ̀ tó ju ti àná lọ. Kò sẹ́ni tí wọ́n lé kúrò níṣẹ́. Iṣẹ́ náà kàn fẹ́lẹ́ sí i ni, bí ọbẹ̀ tí wọ́n ń bu omi kún.

Apá kejì rẹ̀ tún wà, kí n má ṣe bí ẹni pé òfò nìkan ni. Náírà tó já mú kí ọjà Nàìjíríà pọ̀ ní wàràwàrà: bísíkíìtì, ọṣẹ, ike, aṣọ. Àwọn obìnrin tó ń kó wọn wá jèrè. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan gba owó Àlàáfíà, microcrédit ìjọba, ìyẹn owó yíyá kékeré tó ń bẹ̀rẹ̀ láti 30,000 sẹ́fà, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ó fi kó ike láti ọ̀hún, ó dá owó padà, ó tún gba òmíràn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń se ọṣẹ ní ìdílé kejì sí tirẹ̀ ti pa ìkòkò dé. Ọṣẹ tó wọlé kéré lówó ju epo àgbọn tó fi ń se tirẹ̀ lọ.

Wọ́n á ní iṣẹ́ gidi ti ń dé. Àwọn kan ti dé, mi ò jiyàn. Àgbègbè ilé-iṣẹ́ tó wà ní Glo-Djigbé, lórí ilẹ̀ hẹ́kítà 1,640, ti ń ran òwú, ó ń rán aṣọ, ó ń pa kajú. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2024, ìjọba ti fòfin de kíkó èso kajú tútù, èyí tí wọn kò tíì pa, jáde lọ sí òkè òkun, kí iṣẹ́ pípa rẹ̀ lè kù sílé. Mo rò pé wọ́n ṣe é dáadáa. Ó kàn jẹ́ pé Kétu àti Sábẹ ni igi kajú wà, Glo-Djigbé ni iṣẹ́ wà, ìrìn àjò ló sì wà láàárín méjèèjì. Àbúrò mi obìnrin kan lọ síbẹ̀, ó ń ránṣọ. SMIG ti di 52,000 láti January 2023. Ó sọ fún mi pé bí òun bá yọ owó ilé àti oúnjẹ, kò kù ju kín-ín lọ, ṣùgbọ́n òun mọ ọjọ́ tí owó máa dé. Nínú ìdílé wa, láti ìgbà bàbá àgbà wa tó ṣe iṣẹ́ rélùwéè ní Sábẹ, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó tún lè sọ gbólóhùn yẹn.

Ti àwọn olùkọ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti 2019 ni ìjọba ti ń kó orúkọ àwọn tó fẹ́ kọ́mọ jọ, tí wọ́n sì ń mú wọn níbẹ̀ fún iṣẹ́ àdéhùn. *Aspirants*, àwọn tó ń retí, ni wọ́n ń pè wọ́n. Òfin ọdún 2017 ti fàyè gba kí agbanisíṣẹ́ máa tún ìwé àdéhùn onígbà díẹ̀ ṣe láìlópin. Ọ̀rẹ́ mi kan wà nínú wọn, ó dúró níwájú pátákó láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Èmi àti rẹ̀ jọ ṣeré pé òun nìkan ni ènìyàn tó lè gba "ẹ kú iṣẹ́" àti "ẹ kú ìrètí" lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn iṣẹ́ wa, mo dé oko bàbá kan ní ọ̀nà Ìlárá. Agbo ilé rẹ̀ ló kàn lórí àtòkọ mi. Mo parí tirẹ̀, ti ìyàwó rẹ̀, ti àwọn ọmọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lẹ́yìn ahéré tó ń ro àgbàdo, ó mọ oko ro dáadáa. Mo ní, "Ẹni yìí ńkọ́, bàbá?" Bàbá ní, "Ará Ìmẹ̀kọ ni. Wọ́n ti ń wá báyìí."

Mo lọ bá a. Ó ní òun ń kọjá wá ní ọjọ́ Ajé, òun á ro oko kiri, òun á padà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bíríkìlà ni, ó kọ́ṣẹ́, ó gba òmìnira. Mo bi í léèrè ìdí tí bíríkìlà fi ń roko fún olóko ní Kétu. Ó dá ọkọ́ dúró, ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

"Sẹ́fà ni wọ́n ń san níbí."

Mo wo tábúlẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò bá tíì gbé inú agbo ilé tó oṣù mẹ́fà, tí kò sì ní in lọ́kàn láti gbé e tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ará ibẹ̀, a kò gbọdọ̀ kọ ọ́. Ní ìhà ọ̀hún, bí àwọn tiwọn bá dé ilé rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, wọn kò ní bá a.

Ó ní, "Ṣé ẹ ti kọ tèmi?"

Mo ní kò sí àyè.

Ó mi orí, ó tún gbé ọkọ́ rẹ̀. Òjò ti ń ṣú láti ìhà Nàìjíríà, poro mẹ́rin ló sì kù fún un. Mo kí i ní ẹ kú iṣẹ́, mo yáa sáré lọ sídìí ọ̀kadà kí òjò má baà bá tábúlẹ́ẹ̀tì olóhun.